Ilé ọba tó jó: bí Human League ṣe pín sí méjì lọ́dún 1980

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin àwọn ọdún 80, ẹ fi sùúrù ka eléyìí. Ọ̀rọ̀ Human League, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ìyẹn ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, nígbà tí àwọn mẹ́rin tó wà nínú ẹgbẹ́ náà pín sí méjì méjì, táwọn oníwèé ìròyìn sì ní àwọn tó mọṣẹ́ ti lọ, pé àwọn méjì tó kù ò lè dá nǹkan kan ṣe. Ọdún kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn méjì tí wọ́n ní wọn ò lè dá nǹkan kan ṣe yìí ló wà lókè téńté. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé oríire ló bá wọn, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, màá sì sọ ìdí ẹ̀.

Sheffield ni wọ́n ti wá, ìlú onírin lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Martyn Ware àti Ian Craig Marsh ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà làwọn méjèèjì ń ṣe lójúmọmọ, owó iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń ra synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin, tó bá sì ti dalẹ́ wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi dá oríṣiríṣi ohùn tí etí ò gbọ́ rí. Òfin kan wà tí wọ́n fúnra wọn ṣe, pé kò sí gìtá, kò sí ìlù táwọn èèyàn ń fọwọ́ lù, ohùn ẹnu nìkan ni kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa kọrin, Ware rántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, Philip Oakey, tó ń ṣe pọ́tà ní ọsibítù nígbà yẹn, iṣẹ́ ká máa ti aláìsàn kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Oakey ò mọ ohun èlò orin kankan lò, kò sì tíì kọrin nínú ẹgbẹ́ kankan rí, àmọ́ aṣọ tó ń wọ̀ ti jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ ọ́n káàkiri ìgboro. Ware lọ sílé ẹ̀, kò bá a, ló bá fi ìwé pélébé há ilẹ̀kùn pé ṣé ó máa wá kọrin fáwọn. Bó ṣe di olórin nìyẹn o.

Inú géèmù kan tó dá lórí ogun ojú sánmà ni wọ́n ti mú orúkọ Human League. Ní 1978, wọ́n gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Being Boiled, lábẹ́ Fast Product, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Edinburgh tí Bob Last ń darí, òun náà ló sì di máníjà wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí orúkọ ẹ̀ torí ó ṣì ń bọ̀. Ẹnì kẹrin tó dara pọ̀ mọ́ wọn ni Philip Adrian Wright, àwòrán ni tiẹ̀, ó máa ń fi ẹ̀rọ tan àwòrán sára ògiri lẹ́yìn wọn tí wọ́n bá ń ṣeré, torí ká sọ òótọ́, àwọn géńdé mẹ́ta tó dúró gbagidi nídìí ẹ̀rọ ò jẹ́ nǹkan téèyàn lè máa wò fún wákàtí kan. David Bowie, gbajúmọ̀ olórin Gẹ̀ẹ́sì, fúnra ẹ̀ lọ wò wọ́n, ó sì sọ fáwọn oníròyìn pé ńṣe ló dà bíi pé òun ń gbọ́ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1980 ò tíì dé.

Iyì wà lóòótọ́, owó ni ò sí. Virgin, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbé orin jáde, gbà wọ́n wọlé ní 1979, wọ́n ṣe álíbọ́ọ̀mù méjì, Reproduction lọ́dún yẹn, Travelogue lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èkejì yẹn dé ipò 16 lórí àtẹ àwọn orin tó ń tà jù ní UK, àmọ́ kò sí orin wọn kan tó wọ inú 40 àkọ́kọ́. Ohun tó wá dùn wọ́n jù ni pé láàárín ọdún 1979 yẹn náà ni Gary Numan, olórin Gẹ̀ẹ́sì mìíì, fi irú synthesizer tí wọ́n ń lò gba ipò kìíní. Ẹ wò ó ná, ẹ ti ń ro oko láti ọjọ́ yìí wá, aládùúgbò yín wá dé lẹ́yìn yín, òun ló kọ́kọ́ kórè. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di àríyànjiyàn láàárín Ware àti Oakey. Oakey fẹ́ kí orin wọn túbọ̀ sún mọ́ ohun tí gbogbo èèyàn lè jó sí, Ware ò fẹ́ kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré, èyí ló sì jẹ́ kó le, torí ìjà ọ̀rẹ́ kì í tètè parí bíi ti àjèjì.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1980, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ sí tọ́ọ̀ kan ní Yúróòpù, ìyẹn eré láti ìlú dé ìlú, wọ́n bá túká. Èyí táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé Ware àti Marsh ló kúrò. Ware fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé wọ́n lé òun kúrò nínú ẹgbẹ́ tóun fọwọ́ ara òun dá sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń dun èmi náà tí mo bá gbọ́ ọ, torí òun ló lọ fi ìwé há ilẹ̀kùn Oakey. Bob Last tẹ́ mo ní kẹ́ ẹ rántí wà láàárín àwọn tó bá wọn là á, bó sì ṣe parí ẹ̀ ni pé dípò ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ méjì ló wà.

Ibi tí wọ́n ti pín ogún ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Oakey àti Wright ló mú orúkọ. Ware àti Marsh mú òmìnira wọn, wọ́n lọ dá ohun tí wọ́n pè ní British Electric Foundation sílẹ̀, inú ẹ̀ sì ni Heaven 17 ti jáde, tí Glenn Gregory ń kọrin níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá jogún ilé, òun náà ló jogún gbèsè tó wà lọ́rùn ilé. Orúkọ Human League tí Oakey mú, gbèsè Virgin wà lórí ẹ̀, àdéhùn tọ́ọ̀ tí wọ́n ti bá àwọn èèyàn ṣe wà lórí ẹ̀, tí wọn ò bá sì lọ tọ́ọ̀ yẹn wọ́n máa pè wọ́n lẹ́jọ́ ni. Wọ́n tún wá ní kó máa fún Ware àti Marsh ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé lórí álíbọ́ọ̀mù tó ń bọ̀. Èmi rò pé lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé yẹn, kò sẹ́ni tó ka ìdá kan yẹn sí nǹkan gidi, torí ta ló máa ra álíbọ́ọ̀mù ẹni tí ò mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ àti ẹni tó ń tan àwòrán sára ògiri?

Ẹ fojú inú wo Oakey. Ó ní orúkọ, ó ní gbèsè, ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ní ẹgbẹ́.

Ohun tó fẹ́ wá ni obìnrin kan tó máa gbé ohùn òkè tí Ware máa ń gbé. Dípò kó kọ ìpolówó sínú ìwé ìròyìn tàbí kó lọ bẹ Virgin pé kí wọ́n bá òun wá olórin ní Lọ́ńdọ̀nù, alẹ́ Ọjọ́rú kan ló wọ kílọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Crazy Daisy ní High Street, Sheffield níbẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń jó, Susan Ann Sulley, ọmọ ọdún 17, àti Joanne Catherall, ọmọ ọdún 18. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, wọ́n ṣì ń lọ síléèwé, wọn ò kọrin níbì kankan rí, wọn ò jó fún owó rí. Ohun tó wu Oakey lára wọn ni bí wọ́n ṣe múra àti bí wọ́n ṣe ń jó tí wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé ṣé wọ́n á bá òun lọ sí tọ́ọ̀. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti mú, àmọ́ ó rò ó pé tí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n á lè máa ṣọ́ ara wọn lójú ọ̀nà, ọkàn òbí wọn á sì balẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wo Human League tẹ́lẹ̀ o, ní Doncaster! Ẹni tó fẹ́ lọ dúró nísàlẹ̀ pátákó eré, òun ni wọ́n wá ní kó gorí ẹ̀.

Kò tún parí síbẹ̀, torí ó ní láti lọ bá àwọn òbí wọn nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá ní ọmọ obìnrin tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, tí ọkùnrin kan tó fi ọ̀dà kun ètè, tí irun orí ẹ̀ gùn dé èjìká lápá kan tó sì kúrú lápá kejì, wá kanlẹ̀kùn yín pé òun fẹ́ mú un lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí lẹ máa sọ? Síbẹ̀ wọ́n gbà. Ó ní láti jẹ́ pé Oakey mọ bá a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bá àgbà sọ̀rọ̀.

Tọ́ọ̀ yẹn ò rọrùn. Wright tó jẹ́ pé àwòrán ló mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíbọ́ọ̀dù tipátipá, wọ́n lọ háyà Ian Burden, ẹnì kan tó ń ta gìtá béèsì, pé kó wá bá wọn tẹ synthesizer. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n fi owó wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń retí, ọmọbìnrin méjì tó ń jó ni wọ́n rí. Wọ́n pariwo, wọ́n ní Ware dà, àwọn kan tiẹ̀ ń ju agolo bíà sórí pátákó eré. Àwọn ọmọ yẹn ò sá, wọ́n jó títí orin fi parí, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún bọ́ síbẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá ní oríire lásán ló bá Oakey, ibí ni mo máa ń ní kó wò. Oríire lè mú èèyàn bá ọmọ méjì pàdé nínú kílọ́ọ̀bù, àmọ́ oríire kọ́ ló ń dúró síwájú agolo bíà ní ẹni ọdún 17.

Nígbà tí wọ́n dé, gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Síńgù, ìyẹn orin kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1981, Boys and Girls, ipò 48 ló dé. Virgin wá sọ wọ́n pọ̀ mọ́ purodúsà kan, ẹni tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀, Martin Rushent, tó ti bá àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi Buzzcocks àti Stranglers ṣiṣẹ́ rí. Rushent ní sítúdíò tara ẹ̀ tó ń jẹ́ Genetic ní Streatley, lẹ́bàá Reading, ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí Sheffield gan-an, torí náà àwọn ọmọ méjèèjì á wọ bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì padà wá síléèwé. Ó ní àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, bíi Linn LM-1, ẹ̀rọ ìlù tó jẹ́ pé ohùn ìlù gidi ni wọ́n gbà sínú ẹ̀, kì í ṣe ohùn tí-tí-tí ti tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́ wọn bá a ṣe ń gé orin, tá a ń pín in sí wẹ́wẹ́, tá a ń fi ẹ̀rọ to nóòtì kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ kó wà. Àwọn tó ń pe Oakey ní aláìmọṣẹ́, èyí ni wọn ò rí, pé nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò yá lórí kíbọ́ọ̀dù ò ní ìṣòro kankan, etí ló nílò, àti sùúrù.

The Sound of the Crowd, tí Burden àti Oakey jọ kọ, ló kọ́kọ́ wọlé, ó dé ipò 12. Burden wá di ara wọn pátápátá, Jo Callis tó ti jẹ́ onígìtá nínú ẹgbẹ́ Rezillos náà wọlé, wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní synthesizer. Love Action dé ipò kẹta, Open Your Heart dé ipò kẹfà, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 1981, ọdún kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n túká, wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù Dare jáde, ó sì gba ipò kìíní. Álíbọ́ọ̀mù tí Ware àti Marsh ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀ nìyẹn o.

Don't You Want Me ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá nínú Dare, torí Oakey ò fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí Simon Draper, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá Virgin, sọ pé òun máa gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi síńgù kẹrin, Oakey bá a jà, ó ní àwọn èèyàn ti ra álíbọ́ọ̀mù, á dà bíi pé àwọn fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ó gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó ní kí wọ́n fi pósítà ńlá aláwọ̀ mèremère kún un, kí ẹni tó bá ra orin náà má bàa rò pé owó òun ṣòfò. Orin yẹn lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nípò kìíní, òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì 1981, ó tà ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ ní UK nìkan. Ní oṣù keje 1982, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ kejì orin yẹn dáadáa, Susan Sulley ló ń kọ ọ́. Oakey ló kọ́kọ́ ń sọ bóun ṣe mú obìnrin kan kúrò nídìí tábìlì ọtí tóun sì sọ ọ́ di èèyàn ńlá, lòun náà bá dá a lóhùn pé òótọ́ ni pé ibẹ̀ lóun ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa dé ibi tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú rẹ tàbí láìsí ẹ. Ọmọ tí wọ́n rí ní Crazy Daisy ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí lẹ́nu. Kò ní ohùn ńlá, ó ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀ ni, ìdí gan-an nìyẹn táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Akọrin tó mọ orin kọ jù ú lọ ì bá ba orin yẹn jẹ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn tó lọ náà ò sì ṣubú o, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé tiwọn. Heaven 17 gbé Temptation jáde ní 1983, ó dé ipò kejì, Ware sì wà lára àwọn tó ṣe Let's Stay Together fún Tina Turner lọ́dún yẹn, orin tó gbé obìnrin yẹn padà sójú ayé lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti pa á tì. Tí wọ́n bá ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, mi ò rò pé a máa rí èyíkéyìí nínú gbogbo èyí.

Láti ibẹ̀ lọ, mi ò ní pẹ́. Òkìkí Dare di ẹrù lórí wọn. Mirror Man dé ipò kejì ní UK ní ìparí 1982, Fascination náà dé ipò kejì ní 1983, àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe álíbọ́ọ̀mù tó kàn, Rushent bínú lọ, wọ́n pààrọ̀ purodúsà, kí Hysteria tó jáde ní 1984 owó ti bọ́, àkókò ti lọ, kò sì tà tó Dare. Virgin kó wọn lọ sí Minneapolis ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ Jimmy Jam àti Terry Lewis, àwọn purodúsà tó bá Janet Jackson ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe, orin tara wọn ni wọ́n sì fẹ́ ṣe, àwọn ọmọ Sheffield kàn ń jókòó wò ni. Human tó jáde níbẹ̀ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 1986, síbẹ̀ èso oko ẹlòmíì ni. Callis ti lọ, Burden lọ, Wright náà lọ. Virgin fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó yá. Nígbà tí ọdún 1994 ń parí lọ, wọ́n tún jáde pẹ̀lú Tell Me When lábẹ́ ilé iṣẹ́ mìíì, ó dé ipò kẹfà ní UK ní 1995, àwọn tó ti sin wọ́n ní láti tún wú wọn jáde.

Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ni Oakey, Catherall àti Sulley. Oakey àti Catherall ti fẹ́ra wọn sọ́nà rí láàárín ọdún 80 yẹn, ìfẹ́ yẹn parí, iṣẹ́ ò parí. Nígbà tó di ìparí ọdún 2008, wọ́n ṣe tọ́ọ̀ kan káàkiri UK tí wọ́n pè ní Steel City Tour, ẹgbẹ́ mẹ́ta láti Sheffield ló wà níbẹ̀, ABC, Heaven 17 àti Human League. Ware ṣeré tiẹ̀ tán, ó kúrò lórí pátákó, ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ gorí ẹ̀, Susan dúró lápá kan, Joanne dúró lápá kejì.